Òdòdó Tí Wọ́n Pè Ní Yúnyun

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí Òkèrèwè nílùú Ifẹ̀ ṣì ní àyè tí ewúrẹ́ lè sá sí, ilẹ̀ kan wà lẹ́yìn ilé wa tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún wa kí wọ́n tó kú. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ gbé fúláwà yẹ́lò inú láílọ́ọ̀nù wọlé lánàá, tí ẹ ń bi mí pé kí lorúkọ ẹ̀, tí mo gbà á lọ́wọ́ yín tí mo sì jù ú sórí ààtàn, ẹ jókòó. Mo mọ̀ pé inú ń bí yín. Ẹ ní ó rẹwà, ẹ ní kì í ga, ẹ ní téèyàn bá ti gbìn ín lẹ́ẹ̀kan kì í kú mọ́. Òótọ́ ni gbogbo ẹ̀. Ìdí tí mo fi jù ú nù gan-an nìyẹn.

Ìwọ àkọ́bí mi, ìwọ náà ti ń bi mí tipẹ́ pé kí ló dé tí wọn ò sọ ọ́ ní Yétúndé, nígbà tó jẹ́ pé ìwọ lọmọbìnrin tí wọ́n kọ́kọ́ bí nínú ẹbí lẹ́yìn tí ìyá àgbà lọ. Ìdáhùn kan náà ló wà fún ìbéèrè méjèèjì. Ẹ fara balẹ̀, ẹ má já mi lẹ́nu.

Ọmọ méjì péré ni ìyá àgbà bí, ọkùnrin làwọn méjèèjì: bàbá mi tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n, àti àbúrò wọn tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Kékeré. Bàbá tó bí àwọn méjèèjì ló ni ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé yẹn. Bàbá Kékeré kọ́lé tirẹ̀ sí apá inú. Apá tó kojú sí títì ni ti bàbá mi, wọ́n sì ti mọ búlọ́ọ̀kù jọ síbẹ̀ kí àìsàn tó dá wọn dúbúlẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n kú, òjò ń pa búlọ́ọ̀kù, ó ń fọ́ díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀ kì í fọ́. Tíṣà ni ìyá mi nílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan lápá Òkè-Ògbó. Obìnrin mẹ́ta ni wọ́n bí, èmi ni mo dàgbà jù, inú yàrá kan ṣoṣo nínú ilé ẹbí ni àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì ń sùn. Bó bá di Sátidé, ìyá mi á kó wa lọ sórí ilẹ̀ náà, wọ́n á mú igi, wọ́n á máa fi fa ilà sílẹ̀. "Pálọ̀ nìyí. Kíṣìnnì nìyí. Yàrá yín nìyí." Èmi á ní kí wọ́n fi fèrèsé méjì sí tèmi, wọ́n á tún fa ilà mìíràn kí fèrèsé lè wọlé. Inú ilé tí wọ́n fi igi yà yẹn là ń gbé lọ́kàn wa. Kò sí ohun mìíràn tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún wa láyé.

Inú ilé ẹbí yẹn náà ni ìyá àgbà ń gbé. Ojú wọn ti ń ṣú, wọ́n kàn ń rí òjìji èèyàn ni, ṣùgbọ́n etí wọn! Ẹ ò tíì rí irú etí bẹ́ẹ̀ rí. Inú yàrá ni wọ́n á jókòó sí tí wọ́n á ti mọ ẹni tó ń bọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti ìró ẹsẹ̀ nìkan. Bí mo bá yọ́ ṣí ìkòkò ọbẹ̀ ní kíṣìnnì tó wà níta, ohùn wọn ni mo máa gbọ́: "Ẹran yẹn, dá a padà síbi tó wà!" Mo máa ń rò ó pé ṣe ni Ọlọ́run gba ojú lọ́wọ́ wọn tó fi kún etí. Ẹ fi ọ̀rọ̀ etí yìí sọ́kàn.

Ìyàwó Bàbá Kékeré ni a ń pè ní Àǹtí. Ó wá láti ìlú mìíràn, ó sì ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan nínú kámpọ́ọ̀sì yunifásítì. Ẹ máa gbọ́ tí mò ń pè é ní "ó". Nígbà yẹn "wọ́n" ni mo ń pè é. Mo ti yọ "wọ́n" kúrò lórí òun àti ọkọ ẹ̀, kí Ọlọ́run má bínú sí mi. Torí pé ìyá mi ni wọ́n kọ́kọ́ gbé níyàwó wọ ilé náà, "Ìyálé mi" ni Àǹtí ń pè wọ́n, kò sì ní kí wọn láàárọ̀ láìkúnlẹ̀. Òun ló ń dirun fún mi. Bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, á ti ra gúgúrú àti ẹ̀pà sínú báàgì, èmi ló sì máa kọ́kọ́ pè. Nígbà tí bàbá mi kú, orí ẹní kan náà ni òun àti ìyá mi ń sùn, òun ló ń fi ṣíbí bu ògì sí wọn lẹ́nu, tó ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n gbé e mì nítorí àwa ọmọ. Mo fẹ́ràn ẹ̀, kí n má parọ́. Ìgbà mìíràn wà tó jẹ́ pé mo fẹ́ràn ẹ̀ ju ìyá mi lọ, torí òun kì í na èèyàn.

Nígbà tó yá, igbó bo ilẹ̀ náà, ejò sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde níbẹ̀. Àǹtí wá bá ìyá mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó kúnlẹ̀. "Ìyálé mi, ẹ jẹ́ n máa gbin ẹ̀fọ́ síbẹ̀, kí igbó má bàa gbé wa mì."

Ìyá mi ní kò burú. Ṣùgbọ́n wọ́n tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀ kan, ìyá àgbà wà lórí àga wọn, èmi náà sì wà nílẹ̀ tí mò ń ṣa ẹ̀wà. Wọ́n ní, "Ẹ̀fọ́ ni o, ìyàwó mi. Ilá, ata, kò burú. Ohunkóhun tó bá máa kọjá ọdún, má gbìn ín síbẹ̀ o."

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè má mọ ìdí ọ̀rọ̀ yẹn. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tí o bá yọ̀ǹda ilẹ̀ fún pé kó máa fi dáko, ohun tí wọ́n ń gbìn tí wọ́n ń tu lọ́dún náà ló lè gbìn. Kò gbọ́dọ̀ gbin kòkó, kò gbọ́dọ̀ gbin obì, kò gbọ́dọ̀ gbin ohunkóhun tó máa dúró di ẹ̀ẹ̀mí-ìn. Bí ohun tí ń pẹ́ bá ti fìdí múlẹ̀ síbẹ̀, tí onílẹ̀ ń wò ó tí kò fọhùn, ohun náà ti di ẹlẹ́rìí fún ẹni tó gbìn ín. Kò sí ọmọ Ifẹ̀ tí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìyàwó Ifẹ̀ náà mọ̀ ọ́n. Àǹtí ní, "Háà, Ìyálé mi, ṣé mo wá jẹ́ ọmọdé ni? Ẹ̀fọ́ ni mo wí." Ìyá àgbà ní kí Ọlọ́run jẹ́ kí ẹ̀fọ́ náà yè.

Ẹ̀fọ́ yè lóòótọ́. A jẹ tẹ̀tẹ̀ títí ó sú wa. Àfi bí Àǹtí ṣe ti kámpọ́ọ̀sì dé lọ́jọ́ kan pẹ̀lú láílọ́ọ̀nù dúdú kan, tó fa àwọn ìtàkùn rírọ̀ kan jáde nínú ẹ̀, tó ní kí n wá bá òun gbìn wọ́n sétí ebè. Inú mi dùn. Mò ń gé e, òun ń tì í bọlẹ̀, mò ń fi àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ yẹ̀pẹ̀ mọ́ ọn. Mo bi í pé kí ni. Ó ní, "Yúnyun ni. Ẹ̀yin ọmọ yìí ń ṣèṣe jù, ó dáa kó wà nítòsí."

Ohun kan náà ló sọ fún ìyá mi nígbà tí wọ́n rí i. Ìyá mi bú sẹ́rìn-ín. "Ìwọ obìnrin yìí, ta ló ń gbin yúnyun? Ṣé kò kún inú igbó ni?" Wọ́n bá tiwọn lọ.

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tó ń jẹ́ yúnyun fún yín, torí pílásítà nìkan lẹ̀yin mọ̀. Etí ọ̀nà ló máa ń hù, òdòdó rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè. Bí àdá bá ṣá ẹ, wọ́n á já ewé rẹ̀, wọ́n á fi ọwọ́ ra á, wọ́n á fún omi rẹ̀ sójú egbò, ẹ̀jẹ̀ á sì dá. Fúnra rẹ̀ ló ń hù, ẹnì kankan kì í gbìn ín, ẹnì kankan ò sì lè sọ pé yúnyun báyìí ni tòun. Ìdí nìyẹn tí ọkàn ìyá mi fi balẹ̀. Àárín ìlú ni wọ́n dàgbà sí, ní Ìrẹmọ, ìwé ni wọ́n mọ̀, wọn ò mọ ewé. Wọ́n ti rí òdòdó yẹ́lò, ẹni tí wọ́n sì fọkàn tán ló sọ pé yúnyun ni. Ta ni kò ní gbà?

Ohun tí a gbìn yẹn ò ga ju kókósẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ó mọ ìrìn. Orí ilẹ̀ ló ń fà lọ, gbogbo oríkèé tó bá ti kan yẹ̀pẹ̀ ló ń ta gbòǹgbò. Ó bo ebè, ó bo búlọ́ọ̀kù bàbá mi, ó bo ibi tí ìyá mi ń fa pálọ̀ sí. Òjò rọ̀, ó yọ òdòdó. Ọ̀gbẹlẹ̀ dé, gbogbo koríko gbẹ, òun ṣì tutù minimini. Nígbà tí Àǹtí lọ sí ìlú wọn fún ọdún Kérésì, ó bẹ ìyá mi pé kí wọ́n máa bá òun bomi rin ín. Ìyá mi á fa omi nínú kànga, wọ́n á sì fi ọwọ́ ara wọn wọ́n ọn kiri orí ilẹ̀ náà. Bí mo bá rántí ìyẹn, inú á tún bí mi gẹ́gẹ́ bí ẹni pé àná ni.

Lẹ́yìn náà ni mo fẹsẹ̀ gún ìgò fífọ́ níwájú ilé. Ẹ̀jẹ̀ ń ya bí omi ẹ̀rọ. Ìyá àgbà ní kí wọ́n sáré já yúnyun wá, Àǹtí sì sá lọ sẹ́yìnkùlé, ó já ewé fúláwà yẹn wá lọ́pọ̀. Bí ìyá àgbà ṣe gbà á, wọ́n fi àtàǹpàkò ra á, wọ́n dúró.

"Èyí kì í ṣe yúnyun."

Àǹtí ní, "Màmá, yúnyun ni."

"Ewé yúnyun a máa ha ni lọ́wọ́. Èyí ń dán. Níbo lẹ ti já a?"

"Yúnyun ni, Màmá," ni Àǹtí tún sọ, ó sọ ọ́ síta gbangba. "Omi tá a ń bu sí i ló jẹ́ kó rọ̀ bẹ́ẹ̀."

Ìyá mi, tí wọ́n di ẹsẹ̀ mi mú, ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká tọ́jú ọmọ ná." Ìyá àgbà fún ewé náà sí i, ẹ̀jẹ̀ ò dá. Ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì àdúgbò ni wọ́n gbé mi lọ tí wọ́n ti rán an. Àpá náà nìyí, ẹ ti ń rí i tipẹ́.

Ọdún ń gorí ọdún, fúláwà ń gbalẹ̀. Ìjọba wá da ọ̀dà sí títì iwájú ilẹ̀ náà, ilẹ̀ tí ejò ti ń gbé tẹ́lẹ̀ wá di ibi tí gbogbo èèyàn fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù sí. Ìyá mi ti ń tu owó jọ díẹ̀díẹ̀ láti fi ìpìlẹ̀ ilé lélẹ̀. Ní Sátidé kan wọ́n mú bíríkìlà wá, bíríkìlà na okùn, ó kan èèkàn mọ́lẹ̀. Mo dúró síbi tí fèrèsé mi máa wà. Bàbá Kékeré jáde láti ilé ẹ̀, ó fa èèkàn náà tu, ó jù ú síbi kan. Ó ní, "Ìyàwó wa, ilẹ̀ ta lẹ fẹ́ kọ́lé sí?"

Ìyá mi kọ́kọ́ rò pé ó ń ṣàwàdà ni. Wọ́n tiẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí wọ́n wo ojú Àǹtí lẹ́yìn ọkọ ẹ̀, tí Àǹtí ò kúnlẹ̀, tí kò kí wọn, ni ẹ̀rín náà kú lẹ́nu wọn.

Ọ̀rọ̀ dé ọ̀dọ̀ olórí ẹbí, bàbá arúgbó kan tó jẹ́ àbúrò bàbá-bàbá mi. Wọ́n pe gbogbo àgbà agbo ilé jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìyá mi fà mí lọ́wọ́, wọ́n ní kí n jókòó sẹ́yìn àwọn. Ìyá àgbà jókòó sórí àga wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

Bàbá Kékeré ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀gbọ́n mi lọ, ilẹ̀ di igbó. Ìyàwó mi ló ro ó. Ó gbin ohun tó ń pẹ́ síbẹ̀, ó ti tó ọdún mélòó kan. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ń wò ó, wọn ò fọhùn, wọ́n tún ń bá a bomi rin ín. Kí ni àṣà wa wí?"

Àwọn àgbà ń mi orí. Ìyá mi kúnlẹ̀. "Ẹ̀yin bàbá mi, kó tó fi ọkọ́ kan ilẹ̀ yẹn ni mo ti sọ fún un pé kó má gbin ohun tó máa kọjá ọdún. Nígbà tí mo rí òdòdó náà, ó ní yúnyun ni. Ẹ̀yin bàbá mi, afẹ́fẹ́ ló ń gbin yúnyun. Ṣé mo máa bá èèyàn jà nítorí yúnyun ni?"

Àǹtí pàtẹ́wọ́. "Yúnyun kẹ̀! Èmi? Fúláwà tí mo gbé ti kámpọ́ọ̀sì wá? Mi ò pè é ní yúnyun rí. Ìyálé mi, ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ níwèé, ṣé ẹ fẹ́ sọ fún wọn níbí pé ẹ ò mọ yúnyun yàtọ̀ sí fúláwà?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ọrùn ìyá mi tẹ̀. Ẹni tó fi ṣíbí bu ògì sí wọn lẹ́nu ló ń fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà láàárín agbo ilé. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà, ẹ̀yin ọmọ. Mo ti ń gbọ́ òwe yẹn tipẹ́, ọjọ́ yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi.

Olórí ẹbí ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Bó bá jẹ́ pé obìnrin yìí pè é ní yúnyun fún ìyálé ẹ̀, ẹ̀tàn ni, ohun tí wọ́n sì fi ẹ̀tàn gbìn ò lè gbalẹ̀. Bí kò bá pè é bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé ìyálé ẹ̀ rí i, ó sì gbà. Ta ló gbọ́?" Wọ́n wá ní kí ẹnì kan lọ já ewé náà wá, wọ́n fi lé ìyá àgbà lọ́wọ́. "Ìyàwó wa àgbà, ẹ̀yin lẹ mọ ewé. Kí nìyí?"

Ìyá àgbà fi àtàǹpàkò ra á bí wọ́n ti ṣe lọ́jọ́ tí ẹsẹ̀ mi ṣèjẹ̀. "Kì í ṣe yúnyun," ni wọ́n wí.

Ìyá mi fi orúnkún rìn lọ sí ẹsẹ̀ wọn. Mo rí i pé ara wọn ti yá díẹ̀. "Ẹ ṣé, Màmá. Bẹ́ẹ̀ náà lẹ sọ lọ́jọ́ tí ọmọ yìí fẹsẹ̀ gún ìgò. Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún wọn. Kí ni ìyàwó yín fi dá yín lóhùn?"

Gbólóhùn kan ló kù. Kí ìyá àgbà kàn sọ pé, "Ó ní yúnyun ni," ilẹ̀ bàbá mi ti padà sọ́wọ́ wa nìyẹn. Ọkàn mi balẹ̀ pátápátá. Mo mọ etí wọn. Etí tó ń gbọ́ ìdérí ìkòkò láti inú yàrá, ṣé kò ní gbọ́ ẹni tó dúró síwájú ẹ̀ tó ń pariwo?

Bàbá Kékeré wúkọ́. Ìyá àgbà yí ojú sí ibi tí ikọ́ náà ti wá.

"Etí mi ò gbọ́ dáadáa lọ́jọ́ yẹn."

Mi ò mọ ìgbà tí mo dìde. "Ìyá àgbà, ẹ gbọ́! Ẹ gbọ́ o! Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì!" Ariwo sọ. Ẹnì kan ní ta ló mú ọmọ yìí wá síbí, òmíràn ní kí n jókòó kí wọ́n tó fi ìgbájú gbé mi jókòó. Olórí ẹbí ní àwọn ò lè fi ọ̀rọ̀ ọmọdé da ti ìyá àgbà nù. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́ ni wọ́n máa ń sọ? Lọ́jọ́ yẹn, àgbà nìkan ni wọ́n fi dá a.

Wọ́n ní ibi tí fúláwà bá dé di ti Bàbá Kékeré, ibi tí kò bá dé, ti ìyá mi ni. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Ohun tó kù fún wa ò gba ilé ìyàgbẹ́. Ìyá mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja bí ọkùnrin, wọ́n ní, "Ẹ ṣé, ẹ̀yin bàbá mi." Wọn ò sunkún níbẹ̀. Ìgbà tí a dórí ilẹ̀ náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ tu fúláwà yẹn, wọ́n ń já a, wọ́n ń jù ú káàkiri, wọ́n ń sọ pé, "Mo bomi rin ọ́. Mo bomi rin ọ́ o." Gbogbo ibi tí wọ́n jù ú sí ló tún hù. Kò pẹ́ tí a fi kó lọ sí ilé bàbá ìyá mi ní Ìrẹmọ, Bàbá Kékeré sì kọ́ ṣọ́ọ̀bù sí ibi tí fèrèsé mi ì bá wà.

Ṣé ẹ mọ̀ pé ti Àǹtí ò dùn mí tó ti ìyá àgbà? Àǹtí fẹ́ ilẹ̀, ó sì gbà á. Ẹni tó ń fẹ́ nǹkan, èèyàn lè mọ ohun tó ń lé. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà! Èmi ni mò ń mú wọn lọ sí ilé ìwẹ̀. Èmi ni mò ń gé èékánná wọn. Ilé ọmọ wọn tó ti kú ni wọ́n fi ẹnu ara wọn wó.

Ọdún pọ̀ lẹ́yìn náà kí wọ́n tó ránṣẹ́ pè mí. Mo ti wà nílé ọkọ, ìwọ àkọ́bí mi sì wà nínú mi. Mi ò fẹ́ lọ, ìyá mi ló ní kí n lọ, pé ẹni tó ń kú kì í ṣe ẹni à ń bá ṣọ̀tá. Mo yọ́ ẹsẹ̀ wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn, mi ò tíì kí ẹnikẹ́ni tí mo gbọ́ tí ìyá àgbà ń fi oríkì mi pè mí láti inú yàrá. Etí yẹn ò tíì bàjẹ́ rárá. Àǹtí wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ife omi, mo kí i, mo kọjá.

Ìyá àgbà ní kí n gbé ẹsẹ̀ mi wá. Wọ́n wá àpá náà kàn, wọ́n fi àtàǹpàkò ra á. Wọ́n ní, "Mo gbọ́ ohun tó sọ lọ́jọ́ yẹn." Wọ́n tún ní, "Ọmọ méjì ni Ọlọ́run fún mi. Ọ̀kan ti ṣáájú mi lọ. Bí mo bá fọhùn, mo ti pa ilé èyí tó kù run. Ta ni ì bá sin mí?" Wọ́n gbé ọwọ́ lé inú mi. "Bí mo bá lọ, ọ̀dọ̀ rẹ ni n ó yà sí. Gbà mí o." Mo jókòó síbẹ̀ títí oorun fi gbé wọn lọ. Mi ò sọ bẹ́ẹ̀ ni, mi ò sì sọ bẹ́ẹ̀ kọ́. Lẹ́yìn tí wọ́n kú, Bàbá Kékeré sin wọ́n, ó sì sin wọ́n dáadáa.

Ayé ti yí padà, ẹ̀yin ọmọ mi. Lónìí bí ènìyàn bá ní ilẹ̀, sọfíyọ̀ á wá, wọ́n á yà á sórí ìwé, wọ́n á fi í sínú àpótí, kò sẹ́ni tó ń bèèrè ohun tó hù síbẹ̀. Fúláwà tó lé wa kúrò nílé wà níwájú báǹkì, ó wà níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń fi ṣẹ̀ṣọ́ òtẹ́ẹ̀lì. Yúnyun gangan ṣì wà létí ọ̀nà, ẹ̀yin ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lọ sílé-ìwé, ẹ ò mọ̀ ọ́n. Mi ò ní tìtorí àtijọ́ parọ́ fún yín pé ìgbà tiwa ló dáa jù. Nígbà tiwa, ẹnu èèyàn ni ìwé wa. Bí ẹni tó gbọ́ bá ti ní òun ò gbọ́, ilẹ̀ ti lọ nìyẹn.

Ọjọ́ tí a sọ ọ́ lórúkọ, Bàbá Kékeré wá tòun ti Àǹtí. Nígbà tó kan ẹbí tèmi láti mú orúkọ wá, ó dìde. Ó ní, "Yétúndé lorúkọ ọmọ yìí. Màmá sọ fún ìyá rẹ̀ fúnra wọn pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ làwọn ń yà sí. Ìyàwó mi wà lẹ́nu ọ̀nà, ó gbọ́." Gbogbo èèyàn ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń ṣe àmín. Ó wá kọjú sí mi. "Àbí Màmá ò sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ?"

Ìyá mi wò mí. Ojú wọn ń bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kó lọ. Mo wo Àǹtí náà, tí irun ẹ̀ ti funfun, tó ń dúró de ìdáhùn mi.

Mo ní, "Etí mi ò gbọ́ dáadáa lọ́jọ́ yẹn."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Àǹtí wolẹ̀. Ohun tó jẹ́ kí wọ́n pè ọ́ ní orúkọ tí ò ń jẹ́ nìyẹn, kì í ṣe pé mo gbàgbé. Ó yá, ẹ dìde, ẹ lọ wo orí ààtàn tí mo ju fúláwà yẹn sí. Láti àná, ó ti lè máa ta gbòǹgbò. Ẹ mú ìṣáná dání.